Lẹ́tà Aago Mẹ́sàn-án Kọjá Ìṣẹ́jú Méje

Ìlà mẹ́ta péré ni lẹ́tà náà. Ẹni tó bá ń mu omi lọ́wọ́ lè kà á tán kó tó gbé ife kúrò lẹ́nu:

"Ẹ ṣeun fún iṣẹ́ tí ẹ fi lọ̀ mí. Mo ti rò ó dáadáa, n kò ní lè wá mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ẹlòmíràn láyè náà."

Orúkọ Abẹ́rẹ́ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Inú àpótí ímeèlì Abẹ́rẹ́ ló ti jáde lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méje. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀: Abẹ́rẹ́ kọ́ ló kọ ọ́.

Abẹ́rẹ́ kọ́ ni orúkọ tí ìyá tó bí i sọ ọ́. Wọ́n fún un lórúkọ yẹn ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe sọ́fítíwíà, nítorí pé ibi tí àṣìṣe bá fara pamọ́ sí nínú iṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ló máa ń gún. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọmọbìnrin yìí fi wá iṣẹ́ sí òkè òkun. Ìwé ìwáṣẹ́ tó kọ ti lé ní àádọ́jọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìbéèrè kan ló ń pa wọ́n sẹ́nu ọ̀nà: "Ṣé wàá fẹ́ kí iléeṣẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ físà rẹ?" Bó bá ti tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni" báyìí, kó tó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn, ìdáhùn á ti wọlé pé ẹ kú ìgbìyànjú. Ọ̀rẹ́ kan ní kó máa tẹ "Rárá," kó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n ná. Abẹ́rẹ́ ní òun ò ṣe, pé irọ́ tí èèyàn bá fi ṣílẹ̀kùn, òun náà ni yóò máa fi dí i títí ọjọ́ alẹ́.

Ìgbà tó wá yá, iléeṣẹ́ kan dá a lóhùn. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n fún un ní iṣẹ́ ìdánwò tó gbà á ní odidi òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ní àwọn gbà, àwọn á ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Àyè kan ṣoṣo ló kù sí wọn lọ́wọ́ lọ́dún náà. Abẹ́rẹ́ ló ni ín.

Àfi bí ìdáhùn ṣe dé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ pé ó dun àwọn pé kò ní lè wá mọ́. Ó pè wọ́n lórí fóònù, ó ní òun kọ́ lòun kọ ọ́. Obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́ tirẹ̀ tán, ó wá ní:

"Bí ìwọ kọ́ lo kọ ọ́, a jẹ́ pé àpótí rẹ kò ní ìlẹ̀kùn. Àṣírí àwọn oníbàárà wa la sì fẹ́ kó lé ọ lọ́wọ́. Ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún wa kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la. Bó bá kọjá ìyẹn, ẹni tó tẹ̀lé ọ la máa fún."

Kò rí oorun sùn mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́ Ẹtì, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ.

*

Obìnrin náà fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Ẹ-jókòó ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ìdí ni pé bí wọ́n bá mú èèyàn wá síwájú rẹ̀, ìbáà jẹ́ olè, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde ni "Ẹ jókòó." Ó ní ẹni tó wà lórí ìdúró, ọ̀nà àtilọ ló ń wá, ẹni tó bá ti jókòó, ọ̀nà àtisọ ló kù tó máa wá.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni òun àti Abẹ́rẹ́ gun àtẹ̀gùn dé àjà kejì. Yàrá gígùn kan ni ọ́fíìsì náà, tábìlì márùn-ún ló wà níbẹ̀, wáyà sì ń rìn nísàlẹ̀ wọn bí ìtàkùn. Tábìlì Abẹ́rẹ́ ló wà nídìí fèrèsé tó kọjú sí géètì. Lápá òsì ni yàrá Ọ̀gá wà, onílẹ̀kùn gíláàsì. Lẹ́yìn pátápátá ni yàrá kékeré kan wà, pátákó funfun nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí àga kan báyìí.

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbí tí kò ní àga?" ni Ẹ-jókòó béèrè.

"Ìpàdé òòró, Màmá. A kì í jókòó níbẹ̀. Kálukú á sọ ohun tó ṣe lánàá, ohun tó fẹ́ ṣe lónìí, àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun èèyàn, kò ní lè sọ àsọjù."

"Ẹ ṣeun. Ìwọ́de ni wọ́n ń fi àwa ọlọ́pàá jẹ níyà, ìpàdé ni wọ́n fi ń jẹ ẹ̀yin." Ó wo ẹ̀rọ Abẹ́rẹ́ láìfọwọ́ kàn án. "Gbọ́, ọmọ mi. Ohun tí mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà kò ju pé kí n má da omi sí i lọ. Máa sọ fún mi bí ẹni tó ń sọ fún ọmọdé. Ta ló mọ páswọ́ọ̀dù rẹ?"

"Kò sí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gba orí ẹ̀rọ mìíràn wọnú àpótí mi, fóònù mi á pariwo. Kò pariwo."

"A jẹ́ pé orí ẹ̀rọ yìí náà ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní àkókò tí lẹ́tà yẹn jáde, gbogbo wa pátá ló wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Èmi gan-an ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn nígbà tí Ọ̀gá wọlé. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lójú rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí.

"Há! Abẹ́rẹ́ tèmi? Lọ́jọ́ Ajé tó wá sọ fún mi pé ó ti rí iṣẹ́, àdúrà tí mo gbà fún un, Màmá, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó! Ta ló máa ṣe irú èyí?"

"Ohun tí mo wá béèrè nìyẹn, Ọ̀gá."

Ọ̀gá rẹ ohùn sílẹ̀, ó fi àgbọ̀n júwe ẹnu ọ̀nà. "Ẹ wò ó, mi ò fẹ́ parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la wà nípàdé. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níta."

*

Ìyá Onígbálẹ̀ ń fún aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè é.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n."

"Mo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ o."

"Ẹ jókòó náà."

Ó jókòó sí etí àga bí ẹni tí àga ń jó. "Ṣé wọ́n ti ń wá orí tí wọ́n máa dé fìlà ọ̀rọ̀ náà sí ni? Mo ti mọ̀! Bí nǹkan bá sọnù nínú ilé, ẹni tó ń gbálẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ wò, bíi pé ìgbálẹ̀ ní àpò."

"Kí lẹ ṣe lówùúrọ̀ àná?"

"Mo nu tábìlì. Tábìlì ni mo ní, mi ò ní kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí mo fa wáyà kan yọ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ló bá a lọ. Ọjọ́ náà ni mo ti búra."

"Ti Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Pípadé ni mo bá a. Mo gbé e báyìí, mo nu abẹ́ rẹ̀, mo gbé e padà. Ó tutù rinrin bí àwo tí wọn ò tíì bu oúnjẹ sí."

"Lágogo mélòó?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yàrá ìjìyà wọn yẹn lọ ni. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ẹ-jókòó yíjú sí Abẹ́rẹ́. "Ìwọ lo pa á dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo máa ń pa á dé bí mo bá ń lọ sí ìpàdé."

"Ó wà ní pípadé, ó tutù, lẹ́tà sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Adìẹ tó sùn lè yé ẹyin, n kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹyin yẹn ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ǹjẹ́ èèyàn lè kọ lẹ́tà sílẹ̀ kó ní kó máa dúró?"

Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹni tó ń rí àṣìṣe gbogbo ayé kò rí ti ara rẹ̀. "Ó ṣeé ṣe! Èèyàn lè kọ ọ́ lónìí, kó ní aago báyìí lọ́la ni kó tó lọ. Ẹ̀rọ ìbáà tàn, ìbáà má tàn, yóò lọ."

"Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín, ẹ má bínú." Ìyá Onígbálẹ̀ dìde, ó wo yàrá Ọ̀gá, ó pòṣé, òṣé náà gùn ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ-jókòó ń bá tirẹ̀ lọ: "A ti ń da ara wa láàmú nípa ẹni tó wà níta ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méje. Ẹni tó kọ lẹ́tà yìí fẹ́ kí a máa béèrè bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ inú ìpàdé gan-an ló wà, tó ń gbọ́ ọ bí o ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìgbà wo lo fi ẹ̀rọ yìí sílẹ̀ ní ṣíṣí kẹ́yìn?"

Ojú ti Abẹ́rẹ́. "Ọjọ́rú. Wọ́n jẹ mí ní bisikíìtì."

"Wọ́n ṣe kí ni?"

Ó wá ṣàlàyé. Nínú ilé yẹn, òfin kan wà tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹni tó bá dìde nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ láìtì í pa, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ní àṣẹ láti jókòó síbẹ̀, kó fi orúkọ onítọ̀hún kọ̀wé sí gbogbo ilé pé òun máa ra bisikíìtì fún gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn náà ni yóò bá a ti ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ṣe é kì í fi bò. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ ara wọn ní ìṣọ́ra.

"Lọ́jọ́rú, aago mẹ́rin ku díẹ̀, Ọ̀gá pariwo pé ọlọ́kadà gbé páálí wá sí géètì, pé kí n sáré kó má baà lọ. Mo sáré. Mo dúró títí, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí mo máa padà dé, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fi orúkọ mi ṣèlérí bisikíìtì ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá."

"Ta ló ṣe é?"

Abẹ́rẹ́ wo tábìlì ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Òpó ni. Ṣùgbọ́n Màmá, Òpó kọ́."

"N kò ní òun ni. Mo ní ta ló ṣe é. Kí ló dé tí o fi sáré gbèjà rẹ̀?"

"Nítorí pé iléeṣẹ́ kan náà ni àwa méjèèjì wáṣẹ́ sí. Òun ni ẹni tó tẹ̀lé mi."

*

Òpó ga débi pé orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó kí ìyókù ara tó dé. Aago mẹ́wàá ti kọjá.

"Ìwọ lo jẹ ẹ́ ní bisikíìtì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àwọn ará òkè òkun yẹn ti kọ̀wé sí ọ?"

Ó wo Abẹ́rẹ́, ó wo ilẹ̀. "Ní ìrọ̀lẹ́ àná. Wọ́n ní kí n múra sílẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kí àyè kan ṣí."

"Inú rẹ dùn?"

"Mo jó, mà. Nínú yàrá tí mi ò lè nàró nínú rẹ̀. Orí mi ṣì ń dùn mí níbi tí mo fi gbá àjà."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà ni mo wá jókòó, mo bi ara mi pé kí ló dé tí àyè náà fi ṣí."

"O ò sì pè é láti bi í."

"Mi ò pè é." Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ọdún mẹ́rin ni èmi ti ń wá tèmi, mà."

Ẹ-jókòó wo aago ara ògiri. "Ọ̀dọ́mọkùnrin, bí mo bá jẹ́ ọlọ́pàá tó ń kánjú relé, ìwọ ni mo máa mú. O jókòó sídìí ẹ̀rọ náà, ọwọ́ rẹ ni àǹfààní rẹ̀ máa bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá jí ewúrẹ́ kì í lu agogo lẹ́nu ọ̀nà. O kọ̀wé sí gbogbo ilé pé o ti débẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ lo kọ lẹ́tà yẹn, ńṣe ni wàá jókòó jẹ́ẹ́ kó má sẹ́ni tó rántí pé ẹ̀rọ náà ṣí. Nítorí náà, ìwọ kọ́."

Òpó mí kanlẹ̀.

"Má tíì mí. O mọ nǹkan kan. Bí o bá pa ẹnu mọ́ títí aago méjìlá, o ti dé òkè òkun nìyẹn, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò sì ní tẹ̀ ọ́. Mi ò ní ẹgba, mi ò ní àtìmọ́lé. Kí lo rí?"

Abẹ́rẹ́ kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń wò ó ni, ó wà bí ẹni tó ń ka ìlà kóòdù kan tí kò fẹ́ kó jẹ́ ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Òpó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orúnkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Nígbà tí mo fẹ́ kọ ti bisikíìtì," ló fi bẹ̀rẹ̀, "mo rí i pé lẹ́tà kan wà níbi tí àwọn lẹ́tà tó ń dúró máa ń wà. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méje ọjọ́ kejì ni wọ́n kọ sí i lára. Mo rò pé òun ló kọ ọ́. Mi ò ṣí i. A lè jẹ bisikíìtì ara wa, a kì í ka lẹ́tà ara wa."

"Ta lo bá níbẹ̀ nígbà tí o wọlé?"

"Omi ni mo lọ bù. Nígbà tí mo padà dé, Ọ̀gá nìkan ló wà nínú yàrá. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì Abẹ́rẹ́ ló dúró sí, lójú fèrèsé. Ó ní òun ń wo ọlọ́kadà."

Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Òpó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ òkò yẹn gan-an ni ì bá já èso bọ́ sí i lẹ́nu.

*

Ẹ-jókòó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí géètì, kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lọ́dọ̀ ọlọ́dẹ. Nígbà tó gòkè padà, ó ṣẹ́rí sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó kù, tí wọ́n ti ń fi etí gbá gbogbo ọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ó béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ wọn: ìgbà wo ni wọ́n máa ń ṣe ìpàdé òòró?

"Aago méjì ọ̀sán, mà," ni ọ̀kan dáhùn. "Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí, torí pé Ọ̀gá kì í tètè dé."

"Àná nìkan ló ṣàdédé bọ́ sí òwúrọ̀," ni èkejì fi kún un. "Ẹnu ọ̀nà ni Ọ̀gá ti ń kó wa bí adìẹ tí òjò fẹ́ pa. Ó ní kó má ku ẹnì kan."

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni Ẹ-jókòó ti ilẹ̀kùn gíláàsì. Ọ̀gá dìde láti kí i.

"Ẹ jókòó, Ọ̀gá."

"Nínú yàrá mi?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jókòó.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ dá òfin bisikíìtì sílẹ̀."

"Èmi ni!" Ojú rẹ̀ là. "Lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n ti jẹ èèyàn nílé yìí, èmi nìkan ni mo jẹ mẹ́jọ níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó máa ṣí sílẹ̀ tí ojú mi á fò ó. Bí mo bá ń sùn gan-an, mo máa ń gbóòórùn rẹ̀."

"Kí ló wá ṣe imú yín lọ́jọ́rú?"

"Lọ́jọ́rú?"

"Ẹ rán Abẹ́rẹ́ níṣẹ́, ó sáré fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tí ọwọ́ yín ti lè tó o. Òpó bu omi dé, ó bá yín níbẹ̀. Òun ló wá jẹ bisikíìtì náà. Ọdẹ tó pa mẹ́jọ nínú mọ́kànlá, ẹran wá sùn lé e lẹ́sẹ̀, kò rí i?"

"Ọlọ́kadà ni mò ń wò, Màmá. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀."

"Mo ti bi ọlọ́dẹ. Ó ń kọ gbogbo ẹni tó bá wọlé sínú ìwé. Ọlọ́kadà kankan ò wá lọ́jọ́rú. Ta ló pè yín pé páálí dé? Ẹ gbé fóònù yín wá, kí a jọ wo orúkọ rẹ̀."

Ọ̀gá kò gbé fóònù.

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ìgbà wo lẹ pinnu pé àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ lẹ máa ṣe ìpàdé?"

"Àárọ̀ ọjọ́ náà ni. Ojú ọ̀nà ni ó ti wá sí mi lọ́kàn."

"Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn ti mọ̀ láti Ọjọ́rú. Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá, wọ́n ti kọ aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méje sí i lára. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé gbogbo ilé á wà lórí ìdúró nínú yàrá kan náà ní wákàtí yẹn, nígbà tí kò tíì sí ẹlòmíràn tó gbọ́. Ẹnì kan péré ló lè pe ìpàdé nílé yìí, Ọ̀gá. Ìpàdé tí ẹ pè kí ẹ̀rí lè wà fún yín, òun ló wá di ẹlẹ́rìí mọ́ yín lọ́wọ́."

Ìgbà tí irọ́ bá rẹ èèyàn, èjìká ni a ti ń mọ̀. Ti Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́ sí àwòrán kan lára ògiri, níbi tí ọ̀dọ́ mẹ́rin ti dì mọ́ ọn.

"Mẹ́rin rèé. Èmi ni mo kọ́ wọn ní gbogbo ẹ̀. Ìkíní lọ, mo bá a yọ̀. Ìkejì lọ, mo sìn ín dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lọ. Mo ti di ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tọ́ igi dàgbà, tó jẹ́ pé oko ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń lọ so èso sí. Oníbàárà wa tó tóbi jù, Abẹ́rẹ́ nìkan ló mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá lọ, èmi náà tán nìyẹn. Mo ní ọdún kan ṣoṣo péré ni mo fẹ́ kó fi kún un. Yóò rí òmíràn. Ó gbọ́n, yóò rí òmíràn."

"Àádọ́jọ ìwé àti ẹyọ kan ṣoṣo tó dáhùn," ni Ẹ-jókòó wí jẹ́jẹ́. "Òmíràn ni ẹ ń wí yìí?"

Wọn ò mọ̀ pé Abẹ́rẹ́ ti ṣílẹ̀kùn. Kò sunkún, kò pariwo.

"Ọ̀gá, ó ku ogójì ìṣẹ́jú. Mo fẹ́ kí ẹ kọ̀wé sí wọn."

"Orúkọ mi á bàjẹ́, Abẹ́rẹ́."

"Tèmi ló bàjẹ́ láti àná, ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe é. Bí nǹkan bá wó lulẹ̀ lọ́wọ́ wa, ẹ kì í jẹ́ ká sá. Ẹ ní ká kọ ọ́: kí ló bàjẹ́, nígbà wo, ọwọ́ ta ló wà níbẹ̀, kí la máa ṣe tí kò fi ní tún ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ ọ́. Ẹ má bẹ̀bẹ̀, ẹ má ṣàlàyé ọkàn yín. Èmi náà ń lọ kọ tèmi."

Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀. Bó ṣe ń kọ ọ́, Ẹ-jókòó ń kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ìlà àkọ́kọ́. "Èyí tí o fi sọ pé ìwọ fúnra rẹ lo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ta ló bi ọ́? Yọ ọ́ kúrò."

"Mi ò ní yọ ọ́, Màmá. Bí mo bá yọ ọ́, kì í ṣe bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn mọ́."

Obìnrin tó ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n fa òtítọ́ yọ lẹ́nu èèyàn bí eyín tún ìlà náà kà. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Òpó wá fi tirẹ̀ kún un: ohun tó rí, àti aago tó rí i. Ó bu ọwọ́ lù ú, ó sì tètè lọ kọjú sí fèrèsé.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún kí aago méjìlá lù, ilẹ̀kùn gíláàsì ṣí. Ọ̀gá dúró síbẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. "Mo ti fi ránṣẹ́," ni gbogbo ohun tó sọ.

*

Ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù nígbà tí fóònù dún. Ìyá Onígbálẹ̀ dá ọwọ́ ìgbálẹ̀ dúró. Obìnrin òkè òkun ní àwọn ti ka ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè kan ló kù.

"Ọ̀gá rẹ yìí, ṣé ẹ halẹ̀ mọ́ ọn kó tó kọ ọ́ ni?"

"Rárá, mà. Mo ní kó kọ ọ́ ni, ó sì kọ ọ́."

"Mo ti ń ka ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn," ni obìnrin náà wá sọ, "mi ò tíì rí ẹni tó kọ ẹ̀bi ara rẹ̀ sí ìlà àkọ́kọ́. Àyè rẹ ṣì wà. Ìwé onígbọ̀wọ́ rẹ á jáde lónìí."

Abẹ́rẹ́ dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò fò sókè. Ó gbé orí lé tábìlì, ó sì tún gbé e sókè. Ó nu ojú, ó wo ẹ̀yìn Òpó níbi fèrèsé.

"Òpó, fa àga rẹ wá."

"Fún kí ni?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù mí níbí. Iṣẹ́ oníbàárà ńlá yẹn, mo fẹ́ fi gbogbo ẹ̀ hàn ọ́, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ìwọ náà á sì máa kọ ìwé ìwáṣẹ́ tìrẹ lọ. Èmi ni màá máa kà á fún ọ kó tó lọ."

Òpó fa àga wá, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn sábẹ́ tábìlì. Ó wẹ̀yìn wo Ọ̀gá tó ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tó yẹ kó wọ̀.

"Bí èmi náà bá wá lọ lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Abẹ́rẹ́ ti ṣí iṣẹ́ náà, ìka rẹ̀ sì ti wà lórí ìlà àkọ́kọ́.

"Nígbà náà," ló wí, "kí o rí i pé o ti kọ́ ẹni méjì kí o tó lọ. Ẹ sún mọ́bí, Ọ̀gá. Ẹ̀yin ni àkọ́kọ́ nínú wọn."